Fóònù Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Bàbá ní Kétu

Ohun àkọ́kọ́ tó wù mí ní Ayétòrò kì í ṣe oúnjẹ, kì í ṣe ènìyàn. Òórùn lẹ́ẹ̀dì ni. Lẹ́ẹ̀dì ni irin rírọ̀ tí a fi ń lẹ ẹsẹ̀ wáyà mọ́ inú fóònù. Bí àyọ́ọ̀nù gbígbóná bá ti kàn án, èéfín funfun á rú, á sì ta ènìyàn nímú. Ẹlòmíràn á bo imú. Èmi fà á símú, mo tún sún mọ́ tábìlì. Ọ̀gá Mùtíù tó ni ṣọ́ọ̀bù náà gbójú sókè, ó ní, "Ọmọ yìí, ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe ọ́?" Mo ní, "Kò sí o, ọ̀gá. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n bá yín di nǹkan kan mú." Ó gbé síkírúù kékeré kan lé mi lọ́wọ́, ó ní n ò gbọdọ̀ jẹ́ kó bọ́. Mo dì í mú títí wọ́n fi pe ìrun ọ̀sán.

Kétu ni mo ti wá. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ wa á ní, "Kétu sí Ayétòrò, ṣé ìyẹn náà ni à ń pè ní ìdálẹ̀?" Ìdálẹ̀ ni o! Bọ́dà Nàìjíríà wà láàárín wa. Àwọn tó fa ìlà yẹn, mi ò rò pé wọ́n bi ẹnikẹ́ni nínú àwọn bàbá wa kí wọ́n tó fà á. Yorùbá ni wọ́n ń sọ níbí, Yorùbá ni à ń sọ lọ́hùn-ún, síbẹ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé ṣọ́ọ̀bù ni mo pe fóònù ní pọtáàbù bí a ti ń pè é nílé, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Wàsíù tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ègùn dé o!"

Èmi, Ègùn? Ara mi gbóná. Àwọn Ègùn ní èdè tiwọn, ní ìlú tiwọn, mi ò sì gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè náà. Ọmọ Alákétu ni mí. Mo ṣàlàyé títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Wàsíù fara balẹ̀ gbọ́ mi dópin, ó mi orí, ó ní, "Ó ti yé mi. Ègùn Kétu." Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé bí ènìyàn bá kúrò nílé, àlàyé kì í tán lẹ́nu rẹ̀.

Ṣùgbọ́n fóònù kò bi mí léèrè ìlú mi rí. Nílé, Faransé ni fóònù ń sọ. Ní Ayétòrò, Gẹ̀ẹ́sì ni. Mi ò lè ka èyíkéyìí nínú méjèèjì dáadáa nígbà yẹn. Àwòrán ni mo mọ̀. Mo mọ àwòrán kẹ̀kẹ́ eléyín tí a fi ń tún inú rẹ̀ tò, mo mọ àwòrán àpò ìdọ̀tí, mo mọ àmì tó ń fi hàn pé bátìrì ti ń rẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé fóònù èyíkéyìí fún mi, nínú èdè èyíkéyìí, ìka mi á rìn ín bí ẹni ń rìn nínú yàrá ìyá rẹ̀ tí iná ti kú. Ìgbà tí Ọ̀gá rí i pé mo tún fóònù kan tò tí ẹni tó ni ín ti sọ gbogbo rẹ̀ di èdè Lárúbáwá láìmọ̀, ó pe àwọn yòókù, ó ní, "Ẹ wá wo Ègùn yìí." Ọjọ́ yẹn, orúkọ náà ò dùn mí mọ́.

Iṣẹ́ wa ń dùn mọ́ mi débi pé mo máa ń jí kí àkùkọ tó kọ. Àwọn àgbẹ̀ láti Imasayi á gbé fóònù wá, wọ́n á ní kò gba iná mọ́. Mi ò ní tú u. Màá kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ wo ihò tí ṣájà ń wọ̀. Ilẹ̀ oko ni! Ilẹ̀ pupa, ó ki sínú rẹ̀ dan-in dan-in, a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. Màá fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù gbá a jáde, màá ki ṣájà bọ̀ ọ́, iná á yọ, bàbá àgbẹ̀ á sì fò sókè. Àwọn ọmọ yunifásítì tí wọ́n ń kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ náà á wá, àwọn tí wọ́n ń ya fọ́tò ewé ẹ̀gẹ́ tó ń ṣàìsàn, tí fóònù á já bọ́ láàárín ebè. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, asáínmẹ́ńtì mi wà nínú rẹ̀." Wọ́n ti ń pè mí ní Àǹtí. Inú mi á dùn, màá ṣe bí ẹni pé kò dùn.

Alhaja Sìdí ló sọ mí di ẹni tí ìlú mọ̀. Ó ń ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ohùn rẹ̀ sì máa ń dé ṣọ́ọ̀bù kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Ojú fóònù rẹ̀ ṣókùnkùn biribiri lọ́jọ́ kan. Ọ̀gá Mùtíù nawọ́ láti gbà á, Alhaja fa fóònù sẹ́yìn, ó dì í mọ́ àyà.

"Mùtíù, ọmọ dáadáa ni ọ́, ṣùgbọ́n o ò ní tú eléyìí."

"Alhaja, kí ló dé?"

"Fọ́tò ọjọ́ tí a ń kun làálì fún ọmọ mi wà nínú rẹ̀. Àwa obìnrin nìkan la wà nínú iyàrá. Mi ò wé gèlè. Ṣé kí irú yín wá máa ka irun funfun orí mi ni?"

Gbogbo wa wo ara wa. Ojú Alhaja kàn mí níbi tí mo jókòó sí. "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ṣé o mọ̀ ọ́n tú?" Mo wo Ọ̀gá, ó mi orí pé kí n gbà á. Mo yí àga mi padà, mo kọjú sí ògiri, Alhaja sì gbé àpótí tirẹ̀ sún mọ́ mi pẹ́kípẹ́kí, ó ń ṣọ́ mi. Mo yọ ojú àtijọ́, mo fi tuntun sí i. Nígbà tí iná tàn, fọ́tò àkọ́kọ́ tó yọ ni òun fúnra rẹ̀ tó ń jó, gèlè ò sí lórí lóòótọ́. Ó pariwo, "Allāhu Akbar!" Ó gbá mi mọ́ra débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé abẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu mi mì.

Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin fi ń wá. Ẹ ò lè mọ iye obìnrin tó ti fi fóònù tó bàjẹ́ sínú àpótí nítorí pé wọn ò fẹ́ kí ọkùnrin rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe ohun ìtìjú o. Fọ́tò ọmọ jòjòló lẹ́nu ọmú ni, tàbí ti ìyá àgbà nínú ìró àbọ̀dé, láìwọ bùbá. Wọ́n á béèrè, "Ọmọbìnrin yẹn ńkọ́?" Ọ̀gá á ní kí wọ́n lọ bá mi níbi ògiri. Alhaja tiẹ̀ sọ fún mi pé àyè kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí òun ń kó kajú sí, pé tí mo bá ti gba fúrídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi, kí n wá jókòó síbẹ̀, kí n máa ṣe ti àwọn obìnrin. Nígbà tó sọ ọ́, mo fi ọwọ́ di ẹnu kí n má bàa hó.

Ẹ má rò pé ayọ̀ nìkan ni o. Ọjọ́ Jímọ̀ kì í dùn mọ́ mi. Tí wọ́n bá ti kírun tán, oníkálukú á gba ilé bàbá rẹ̀ lọ, ìyàwó á bu oúnjẹ, àwọn ọmọ á máa pariwo, èmi á sì wọ yàrá mi. Síìmù méjì ló wà nínú fóònù mi, ọ̀kan ti Nàìjíríà, ọ̀kan ti ilé. Ti ilé kì í mú nẹ́tíwọ̀kì ní Ayétòrò. Ńṣe ló máa ń sùn. Ṣùgbọ́n tí Ọ̀gá bá rán mi lọ fi fóònù jíṣẹ́ lápá Ìmẹ̀kọ, tí ọ̀kadà bá ti gun òkè kan báyìí, síìmù náà á jí. Gbìn-ìn, gbìn-ìn, gbìn-ìn! Gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹbí ti fi ránṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti lọ síbẹ̀ gbẹ̀yìn á máa já wọlé lápò mi, bàbá ọlọ́kadà á ní, "Kí ló ń ṣe fóònù rẹ?" Mo ní, "Ilé ló ń pè mí." Mo máa ń sunkún díẹ̀ lórí ọ̀kadà yẹn, mo sì máa ń rẹ́rìn-ín, atẹ́gùn á gbẹ gbogbo rẹ̀ kí a tó dé.

Màmá ló máa ń pè mí, lórí síìmù Nàìjíríà. Bàbá kì í pè. Bàbá mi, àgbẹ̀ ni, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í jẹun láìkọ́kọ́ bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bóyá ó ti jẹun. Aṣọ rírán ló fẹ́ kí n kọ́ lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin. Nígbà tí mo ní fóònù títún ṣe ni mo fẹ́, ó ní, "Ohun ìṣeré nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́." Nígbà tí mo ní Nàìjíríà ni màá ti kọ́ ọ, kò sọ ohunkóhun mọ́. Ó kàn yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń ha eyín ọkọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí Màmá bá pè, màá ní, "Bàbá ńkọ́?" Màmá á ní, "Ó wà." Màá sì máa gbọ́ ikọ́ Bàbá lẹ́yìn, nítòsí, bíi pé kó kàn na ọwọ́ gba fóònù. Kì í gbà á. Ó dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ìgbà tó wá kù díẹ̀ kí n gba fúrídọ̀ọ̀mù, ìyẹn ọjọ́ tí ọ̀gá máa ń tú ọmọṣẹ́ sílẹ̀ kó máa dá ṣiṣẹ́ tirẹ̀, Ọ̀gá Mùtíù pè mí jókòó.

"Iṣẹ́ ti yé ọ. Tí mo bá ní kò yé ọ, irọ́ ni mo pa. Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, ọ̀gá."

"Mi ò bi ọ́ bóyá wọ́n wà. Ṣé wọ́n mọ̀ sí i?"

Ó mọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Màmá ló wá fi mí lé e lọ́wọ́.

"Gbọ́ mi o," ó ní. "Níbí, bàbá ọmọ ló ń ṣàdúrà kí ọ̀gá tó gbọ́wọ́ lé ọmọ lórí. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ò ṣàdúrà fún, bí mo bá tú u sílẹ̀, jíjí ni mo jí i gbé. Kò di dandan kí wọ́n wá. Ẹsẹ̀ lè máa dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n kí n fi etí ara mi gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Sátidé tó ń bọ̀ ni mo fi sí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a óò sún un síwájú, mi ò sì mọ ìgbà."

Alhaja náà ti sọ fún mi pé ẹlòmíràn ti ń béèrè àyè ẹ̀gbẹ́ kajú yẹn. Mo ronú títí. Bàbá ò ní gba fóònù Màmá. Ó dáa, bí fóònù bá wá jẹ́ tirẹ̀ ńkọ́?

Mo wá fóònù kan tí ẹnì kan ti pa tì lọ́dọ̀ wa, Ọ̀gá sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún mi. Mo fi ojú tuntun sí i. Mo pààrọ̀ bátìrì. Mo yọ máíkì tó ti dijú, mo lẹ tuntun mọ́ ọn lábẹ́ gíláàsì ńlá, mo sọ̀rọ̀ sí i, mo gbọ́ ohùn mi padà, ó dún ketekete. Mo pa gbogbo ohun tí Bàbá ò ní nílò rẹ́, ó ku àwòrán Màmá, àwòrán mi, àti rédíò. Ẹni tó ń lọ sí Kétu bá mi mú un lọ, Màmá sì ra síìmù sí i. Inú mi ń dùn, ẹ̀rù ń bà mí, mi ò lè jẹun.

Ọjọ́bọ̀ ni Màmá pè. "Ó gbà á o! Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Mo ní kó bá ọ sọ̀rọ̀, pé kó fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́. Mo tẹ ibi tí à ń tẹ̀ fún un, mo tì í síbẹ̀ kó má bàa já. Ó ní kí n kúrò lọ́dọ̀ òun, ó gbé e lọ sábẹ́ igi ọsàn."

"Màmá, kí ni wọ́n sọ?"

"Ǹjẹ́ mo mọ̀? Ó gbé e padà wá, mo fi ránṣẹ́. Ojú rẹ̀ ò sì dùn nígbà tó padà dé. Gbọ́ ọ fúnra rẹ."

Fọ́ìsì náà wọlé lóòótọ́. Ó gùn. Mo tẹ̀ ẹ́, Ọ̀gá àti Wàsíù na ọrùn.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Èmi ni o. Ṣé àlàáfíà ni o wà?" Ohùn Bàbá! Ara mi bù máṣọ. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa. Ó pẹ́. "Ara rẹ ńkọ́?" Kẹ́kẹ́ tún pa. "Iṣẹ́ ńkọ́?" Kẹ́kẹ́.

Ọ̀gá mi orí. "Máíkì ni. Ó ń já."

"Mo pààrọ̀ rẹ̀, ọ̀gá! Mo dán an wò!"

"Bóyá ó mì lójú ọ̀nà. Bóyá lẹ́ẹ̀dì ò mú dáadáa." Kò sọ ọ́ kó fi dùn mí, ṣùgbọ́n ó dùn mí dé egungun. Èmi tí mò ń fọ́nnu kiri. Bàbá mi ya ẹnu fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, iṣẹ́ ọwọ́ mi sì gé ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu. Mo pa fọ́ìsì náà láìgbọ́ ìyókù. Mo ní tí Sátidé bá kọjá, màá lọ gba fóònù náà padà kí n tún un ṣe. Wàsíù ò pè mí ní Ègùn jálẹ̀ ọjọ́ náà, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi ti burú.

Lọ́jọ́ kejì, Alhaja wá gba fóònù ọmọ rẹ̀, ó rí ojú mi, ó béèrè ohun tó dé. Mo rò fún un. Mo ní kó gbọ́ bí ó ṣe ń já. Mo so fóònù mi mọ́ ẹ̀rọ gbohùn-gbohùn tí a fi ń dán ohùn wò, mo gbé e sókè dé òkè pátápátá kí n lè gbọ́ ibi tó ti ń já gan-an. "Ṣé àlàáfíà ni o wà?" Lẹ́yìn náà, nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, mo gbọ́ adìyẹ.

Adìyẹ! Ó ń kẹ́ pẹ̀ẹ́pẹ̀ẹ́ níbì kan. Mo tún gbọ́ ewé ọsàn nínú atẹ́gùn. Mo gbọ́ èémí Bàbá mi, tó ń wọlé, tó ń jáde.

"Ọ̀gá!" mo ké. "Máíkì tó kú kì í gbọ́ adìyẹ!"

Ọ̀gá sáré wá. Mo bẹ̀rẹ̀ fọ́ìsì láti ìbẹ̀rẹ̀. "Ṣé àlàáfíà ni o wà?" Kí n tó mọ̀, ẹnu ara mi ti dáhùn: "Àlàáfíà ni, Bàbá." Bàbá mí kanlẹ̀, ó ní, "Ara rẹ ńkọ́?" Mo ní, "Ara le, a dúpẹ́." "Iṣẹ́ ńkọ́?" "Iṣẹ́ ń lọ dáadáa." Ó ṣe wẹ́kú. Kò sí ohun tó ń ṣe máíkì. Bàbá mi ń bá mi sọ̀rọ̀ ni, ó sì ń dúró kí n dáhùn, nítorí ọmọlúàbí kì í kí ènìyàn kó má gbọ́ ìdáhùn. Kò mọ̀ pé mi ò sí lẹ́nu fóònù.

Alhaja bú sẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Jẹ́ kó máa lọ! Jẹ́ kó máa lọ!"

Bàbá béèrè ọ̀gá mi. Ọ̀gá Mùtíù ṣí fìlà, ó tẹ̀ síwájú fóònù, ó ní, "Mo wà, Bàbá. Ẹ kú ilé o." Bàbá béèrè bóyá mò ń jẹun. Wàsíù ní, "Ó ń jẹun o, Bàbá, ó ń jẹ tèmi mọ́ tirẹ̀!" Lẹ́yìn náà, Bàbá wúkọ́. Ó ní, "Fóònù tí o fi ránṣẹ́ yìí, ìyá rẹ ní ọwọ́ rẹ lo fi tún un ṣe. Mo wò ó. Iṣẹ́ ni." Ó tún wúkọ́. "Iṣẹ́ tí o yàn yìí, Ọlọ́run á jẹ́ kó yẹ ọ́."

Ó dúró. Gbogbo wa ní, "Àmín!"

"Ilẹ̀ tí o wà, o ò ní di àlejò níbẹ̀ títí ayé."

"Àmín!"

"Àwọn tó gbà ọ́, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí wọ́n kábàámọ̀ rẹ."

Àmín ti Alhaja Sìdí dé ọ̀nà. Àwọn oníbàárà tó wà níta ń wọlé wá wò, àwọn náà ń ṣe àmín láìmọ ẹni tó ń ṣàdúrà. Ọ̀gá Mùtíù ti gbọ́wọ́ lé mi lórí, mi ò mọ ìgbà tó gbé e síbẹ̀.

Àdúrà parí. Ìdúró tó tẹ̀ lé e gùn ju ti ìṣáájú lọ. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ìró ẹsẹ̀ Bàbá lórí ewé gbígbẹ, ohùn rẹ̀ sì jìnnà díẹ̀ sí fóònù, ó ń bá Màmá sọ̀rọ̀: "Gbà á. Mo ṣàdúrà fún un, kò ṣe àmín kankan. Ó ṣì ń bínú sí mi."

Ibẹ̀ ló parí sí. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé ni mo ti rò pé òun ló ń bínú sí mi.

Mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀. Fóònù dún, ó dún, bóyá Bàbá ń wá ibi tí à ń tẹ̀. Nígbà tó yá, mo gbọ́ èémí rẹ̀. Mi ò kí i.

Mo ní, "Bàbá, àmín. Àmín. Àmín, Bàbá mi."